Ọ̀rọ̀ Tí Aṣọ́lé Ìkirè Kò Sọ

Ohun tí ó kọ́kọ́ gbé mi ṣubú ní ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìyà, kì í sì í ṣe àárò ilé. Kẹ̀kẹ́ ni. Kétu ni wọ́n ti bí mi, lábẹ́ àwọn Faransé, níbi tí gbogbo ohun tí ó ní táyà ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ tí mo dé Ìkirè, mo dúró létí títì, mo wo apá òsì mi dáadáa, n kò rí nǹkan kan, mo gbé ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ti ọ̀tún yọ, ó kọlù mí. Ọkùnrin tí ó gùn ún fò sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì mú mi kí orí mi tó kanlẹ̀.

"Ará ibo nìwọ, tó ò ń wo òsì tí nǹkan ń bọ̀ lọ́tùn-ún?"

"Ará Kétu ni mí."

"Wọn ò ní kẹ̀kẹ́ ní Kétu ni?"

"Wọ́n ní in. Tiwọn mọ ibi tó ń gbà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ létí títì. Làmídì ni orúkọ rẹ̀. Òun ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìkirè, ẹni tí ó ń fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù kí ó má baà wọlé, ìdí nìyẹn tí ó fi mọ bí a ti ń mú ohun tí ó fẹ́ já bọ́. Ó gbé àpótí mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó mú mi lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni n ó sùn níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo lò.

Ẹ má bi mí bí mo ti ṣe dé ibẹ̀. Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ dùn mí, ó tán. Owó orí àti iṣẹ́ ipá àwọn Faransé ni ó lé mi nílé. Ohun tí ó pè mí wá ni ìròyìn pé kòkó ń bẹ lọ́hùn-ún, ẹni tí ó bá sì mọ ìwé díẹ̀ kò ní fi ebi sùn. Mo ti kàwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn fadá. Wọ́n gbà mí sí sítọ̀ kòkó kan, wọ́n fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà dúdú, kí n máa kọ àmì sára àpò.

Ní àsìkò kòkó, kò sí ibi tí èèyàn lè gbẹ́sẹ̀ lé ní Ìkirè tí kì í ṣe orí kòkó ẹlòmíràn. Wọ́n ń sá a sórí ẹní níwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, létí títì níbi tí eruku ọkọ̀ ti ń bò ó. Òórùn rẹ̀ kan bí ẹmu àná. Òfin kan ṣoṣo ni ìyá Làmídì fún mi: bí òjò bá ṣú, ì báà ṣe oúnjẹ ni mò ń jẹ, kí n dìde kí n kó kòkó tí ó bá sún mọ́ mi jù wọlé, ì báà ṣe ti ọ̀tá mi. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Mo ti kó kòkó àwọn tí n kò mọ orúkọ wọn, àwọn náà sì ti fún mi ní dòdò jẹ, èyí tí wọ́n ń dín dúdú ní Ìkirè, tí ata inú rẹ̀ ń mú kí imú èèyàn máa ṣomi.

Síbẹ̀, mo dá wà. Ní àárọ̀, ìyá Làmídì á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa fi oríkì kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kúnlẹ̀, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀. Bí ó bá kàn mí, á ní, "Kétu, o jí ire bí?" Kò ṣẹ̀ mí. Ta ni yóò sọ oríkì mi fún un? Ṣùgbọ́n àárọ̀ kan wà tí mo padà sínú yàrá, mo fi aṣọ bojú, mo sunkún. Gbogbo ìlú ni ó ń pè mí ní Kétu. Ní ilé, orúkọ mi ni wọ́n ń pè mí.

Bọ́ọ̀lù ni ó fún mi ní ẹnu láwùjọ. Àpòmù kò jìnnà sí Ìkirè. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ dòdò ní ọ̀kan, kò ní tíì jẹ ẹ́ tán kí ó tó dé èkejì. Wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ilẹ̀, kò sí àna mọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn tí wọ́n ń gbá a lẹ́sẹ̀ lásán, tí tọkùnrin tobìnrin ń pariwo létí pápá, n kò lè sùn. Mo mú ìwé, mo kọ gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Yorùbá kan ní Ìbàdàn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde! Olóòtú sì kọ̀wé sí mi pé kí n máa kọ ọ́ lọ. Làmídì ka ìwé ìròyìn náà fún gbogbo ẹni tí ó ní etí, ó kà á ní ilé onígbàjámọ̀, ó kà á níwájú mọ́ṣáláṣí, títí ìwé náà fi ya lójú ibi tí a ti ká a. Bóyá ni mo tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Àmọ́ Àpòmù náà ní akọ̀ròyìn tirẹ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ̀wù kóòtù ni ó máa ń wọ̀ nínú oòrùn, á fi pẹ́ńsù kan há etí ọ̀tún, á fi òmíràn há etí òsì. Ìwé ìròyìn mi ń jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tirẹ̀ ń jáde ní Ọjọ́bọ̀. Nítorí èyí, èmi ni mò ń kọ́kọ́ sọ ẹni tí ó borí. Kí òun lè rí nǹkan tà, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn agbábọ́ọ̀lù ni Tíṣà ń wá kiri, ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ni àwọn òǹkàwé sì fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ kan, ó kọ ọ̀rọ̀ dídùn kan, ó ní ẹnu ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Àpòmù ni òun ti gbọ́ ọ lórí pápá. Ibà ti dá ẹni yẹn dúbúlẹ̀ sílé láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo tú u fó nínú ìwé ìròyìn tèmi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, òun náà kọ ọ́ pé akọ̀ròyìn kan wà ní Ìkirè tí ó ń fi yíǹkì Faransé kọ Yorùbá.

"Kétu, irọ́ wo lo tún fẹ́ pa lónìí?" Báyìí ni ó ṣe máa ń kí mi létí pápá.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sílé. Ìyá mi kò mọ̀wé, kò sì sí wáyà tí ó lè gbé ohùn mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹnu Ìyá Mẹ̀kọ́ ni mò ń lò, obìnrin kan tí ó ń ta ata gbígbẹ ní ọjà Àpòmù, tí ó sì ń dé Kétu lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì. Mo ní kí ó sọ fún ìyá mi pé mo ti di ẹni tí ó ń kọ̀ròyìn àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lọ. Nígbà tí ó padà, igbá òrí kan ni ó gbé fún mi. "Ìyá ẹ ní kó o máa fi ra ojúgun. Wọ́n ní àwọn ò bí ọ kó o wá máa fẹsẹ̀ gbá nǹkan kiri ilẹ̀ onílẹ̀. Wọ́n ní kó o fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fẹ́ni tó lẹ́sẹ̀ tó pọ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà omi náà kò dá mọ́. Mo fi òrí náà ra ojúgun mi. Kò sí nǹkan tí ó ṣe ojúgun mi.

Ó yẹ kí n sọ àṣírí iṣẹ́ wa fún yín, nítorí láìsí i, ẹ kò ní mọ bí mo ti ṣe ìkà tí mo ṣe. Lọ́rì tí ó ń kó kòkó lọ sí Ìbàdàn ni ó ń bá mi gbé ìròyìn mi lọ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago márùn-ún ni ó ń gbéra, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù kì í parí títí yóò fi ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Dírẹ́bà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti máa ń lọ bá Làmídì. N ó ní, "Bí ẹ bá borí, kí lo máa sọ?" Á ronú, á sọ ọ́, n ó kọ ọ́. Bí wọn kò bá borí, n ó fa ọ̀rọ̀ náà ya, n ó kọ òmíràn tí ó ti sọ fún mi. Kò sí ẹni tí ó rí nǹkan burúkú nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan wá dé tí Làmídì kọ̀. "Kétu, mi ò sọ nǹkan kan lónìí. Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdána mi. Àna mi ń bọ̀ wá wòran."

Ọmọ Àpòmù ni ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Ṣìfáwù ni orúkọ rẹ̀. Ọdún méjì ni Làmídì ti fi ń wá a, tí ó ń bá bàbá rẹ̀ ro oko kòkó, tí ó ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá. Mo mọ gbogbo èyí. Èmi ni mò ń bá a kọ lẹ́tà sí i.

Bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Ìkirè jẹ ayò kan, Àpòmù sì yí ilé Làmídì ká bí ìgbà tí adìyẹ bá rí àgbàdo. Ó ń fò, ó ń mú un. Tíṣà jókòó tì mí, ó ń kọ, ó ti kún ojú ìwé méjì. Lọ́rì ń fọn fèrè lójú títì. Mo wo ìwé mi, n kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu kankan. Ni mo bá fi ẹnu Làmídì sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ pé aṣọ́lé Ìkirè wí pé: "Kò sí ará Àpòmù tí ó lè gbá bọ́ọ̀lù wọlé mi. Bí àna mi fúnra rẹ̀ bá wọ ṣòkòtò péńpé jáde, n ó mú tirẹ̀ náà." Mo mọ̀ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ó dùn, mo sì fẹ́ kí Tíṣà kà á kí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Mo sáré lọ fún dírẹ́bà.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìkirè rẹ́rìn-ín títí dé Wásinmi. Làmídì wá bá mi ní sítọ̀, ó mú ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́. Kò pariwo.

"Kétu, nígbà wo ni mo sọ ọ́?"

Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun kò sọ ọ́, wọ́n ní ìwé kì í parọ́. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ọkùnrin méjì dé láti Àpòmù, wọ́n dá obì ìtọrọ padà. Wọ́n ní bàbá Ṣìfáwù ní kí wọ́n sọ pé òun kò ní ṣòkòtò péńpé, òun kò sì ní ọmọ tí òun fẹ́ fi fún ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ fún òun.

Ìyá Làmídì dìde níbi tí ó jókòó sí. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ilé rẹ̀, kò gbóhùn sókè sí mi rí. "Ọmọ burúkú!" Èmi ni ó nawọ́ sí. "Ṣé bí a ṣe kọ́ ọ nílé yìí nìyẹn? Àbí mo bí ọ, kí o máa bà mí jẹ́?" Ó bú mi títí ohùn rẹ̀ fi há. Ojú tì mí, ó dùn mí dé egungun. Síbẹ̀, n ó sọ òótọ́, ohun kan nínú mi gbọ́ "nílé yìí" ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Wọn kì í bú àlejò. Àlejò, ẹrù rẹ̀ ni wọ́n ń dì fún un. Ẹni tí wọ́n bá bú báyìí, wọ́n ń retí kí ó lọ tún nǹkan ṣe kí ó padà wá jẹun.

Mo jáde, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Àpòmù. Bàbá Ṣìfáwù wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó orí ẹní padà. Láti ojú títì ni mo ti dọ̀bálẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, bàbá. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn yẹn."

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́. Làmídì ló sọ ọ́."

"Kò sọ ọ́, bàbá. Mo bi í, ó ní òun ò ní sọ nǹkan kan nítorí yín. Lọ́rì ń fọn fèrè. Èmi ni mo bá a sọ ọ́."

Ó dá ẹsẹ̀ dúró. "O bá ẹni tí ò sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ta ló rán ọ wá jẹ́wọ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Wọn ò mọ̀ pé mo wà níbí."

Ó tún fi ẹsẹ̀ yí kòkó padà. "Wàláhì, mo lè gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà ọ́ gbọ́ nínú ilé mi, ṣé kí n wá máa sọ ọ́ lójúlé-lójúlé ni? Lánàá, télọ̀ pè mí lọ́jà, ó ní kí n jẹ́ kóun wọn itan mi."

Mo tẹ ojú mọ́lẹ̀ kí ó má baà rí i pé mo fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Inú ìwé lẹ ti bà mí jẹ́, inú ìwé ni kí ẹ ti tún un ṣe. Kó tó di Sọ́ńdè. Bí Sọ́ńdè bá fi kọjá, kí Làmídì wá ìyàwó sílùú mìíràn."

Mo dìde, mo ń ka ọjọ́ lọ́nà. Ìwé ìròyìn mi kò ní jáde mọ́ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń jáde kí ọjọ́ Àìkú tó pé.

Tíṣà wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kétu! Ṣé ṣòkòtò péńpé lo wá tà fún mi?"

"Tíṣà, mo mú ìròyìn wá fún yín. Èmi gan-an ni ìròyìn náà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó yọ pẹ́ńsù etí ọ̀tún, kò sì tíì kọ nǹkan kan. "Ṣé o mọ̀ pé bí mo bá kọ èyí, ọ̀gá ẹ nílùú Ìbàdàn lè lé ọ?"

"Mo mọ̀."

"Gbogbo Àpòmù ló máa fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀."

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Tíṣà. Ẹ kọ ọ́."

"Ó dáa. Máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí n má baà fi nǹkan kún un."

Mo sọ ọ́. Ó kọ ọ́, ó sì kà á padà fún mi. Kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀, kódà ibi tí ahọ́n mi ti kọsẹ̀, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti sọdá ààlà, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tún ọ̀rọ̀ mi sọ kí ó pé bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá mi ni ó sì ṣe é.

"Akọ̀ròyìn ará ibo ni kí n kọ síbẹ̀? Kétu?"

"Ẹ kọ Ìkirè."

Ó kọ ọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sójú títì, ó fi í lé dírẹ́bà lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìwé ìròyìn náà dé. Ọ̀rọ̀ mi wà níbẹ̀ bí mo ti sọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni Tíṣà fi tirẹ̀ kún un láìsọ fún mi: "Èmi tí mo kọ èyí náà ti fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀ rí. Mo tọrọ àforíjì. Kò sí ẹni tí lọ́rì kì í lé nínú wa." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Làmídì gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó dì mọ́ mi, ó sì gbá mi létí díẹ̀. Mo gba méjèèjì. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́tà dé láti Ìbàdàn pé kí n sinmi kíkọ̀ròyìn fún oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, obì padà wá láti Àpòmù. Wọ́n ní bàbá ní kí á máa bọ̀, òun ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ọkọ ìyàwó sọ lójú gbogbo ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ kan yìí kò jẹ́ kí Làmídì jẹun. Ní ọjọ́ Àìkú, a ru iṣu, a ru oyin, a lọ. Ilé bàbá Ṣìfáwù kún dẹ́nu títì. Bàbá kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ó wà nínú ilé. A dúró, a dúró. Làmídì ń làágùn. Ṣìfáwù gan-an ń wo ilẹ̀ láti ibi tí àwọn obìnrin ti yí i ká.

Lẹ́yìn náà, ìlẹ̀kùn ṣí. Bàbá jáde, ó wọ dàńṣíkí funfun, ó dé fìlà, ṣòkòtò péńpé kakí kan sì wà nídìí rẹ̀, ó mọ ní orúnkún. Àwọn obìnrin bú ramúramù. Ẹ̀rín ṣe é, ṣùgbọ́n kò rín in.

"Ẹ gbé bọ́ọ̀lù wá."

Àwọn agbábọ́ọ̀lù Àpòmù ti gbé e dání. Bàbá nàka sí mi. "Ìwọ tó o máa ń fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, dúró síbí." Ó nàka sí Tíṣà. "Ẹ̀yin náà, ẹ dúró lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin méjèèjì ni òpó. Ohun tó bá gba àárín yín kọjá, ẹ ò ní lè ní ẹ ò rí i." A dúró, èmi lápá kan, Tíṣà lápá kejì, Làmídì láàárín wa.

"Làmídì, ọmọ mi. Wọ́n ní o lè mú tèmi náà. Mú un."

Bàbá sún sẹ́yìn, ó sáré wá, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà kò le rárá. Ọmọ ọwọ́ lè mú un. Làmídì wò ó bí ó ti ń bọ̀. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi àyà lélẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna rẹ̀. Bọ́ọ̀lù fò díẹ̀, ó gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó gba àárín èmi àti Tíṣà, ó wọlé.

Àpòmù pariwo. Ìkirè pariwo jù wọ́n lọ. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń sáré yí ká àgbàlá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tín-ín-rín méjèèjì, àwọn ìyàwó ilé ń sáré tẹ̀ lé e. Ṣìfáwù ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pa pọ̀.

Tíṣà fa pẹ́ńsù yọ. Èmi náà fa tèmi yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní ìwé ìròyìn tí n ó fi í ránṣẹ́ sí.

"Kétu, kí ni aṣọ́lé sọ?"

Mo wo Làmídì. Ó ṣì dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

"Kò sọ nǹkan kan, Tíṣà."

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa méjèèjì sì ṣe kọ ọ́.